Ẹ̀jẹ̀ Àbúrò Rẹ̀ Ló Fi Ń Tan Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má tíì bínú sí obìnrin yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ délẹ̀ ná, kí ẹ lè mọ ibi tó yẹ kí ẹ ti bínú sí i gan-an.

Fúnra rẹ̀ ló wá jókòó síwájú mi, tó ní kí n bá òun kọ ọ́. Ó ní òun ti gbìyànjú láti kọ ọ́ fúnra òun, àmọ́ bí òun bá ti kọ "èmi" tán, bírò kì í rìn mọ́. Àǹtí Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni a ó sì ṣe máa pè é níbí.

Aṣọ iléèwé ló ń rán. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ títì, kò fẹ̀ púpọ̀: máṣíìnì méjì, tábìlì gígùn tó fi ń gé aṣọ, dígí kan tó ti sán létí, àti pákó tí wọ́n to òwú oríṣiríṣi àwọ̀ sí. Òun ló ń jókòó sídìí máṣíìnì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ló wà nídìí èkejì. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pe àbúrò yìí, torí pé kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín. Bí òwú já, á rẹ́rìn-ín. Bí iná lọ, á rẹ́rìn-ín.

Ó ti pẹ́ tí àtọ̀gbẹ ti ń bá Àǹtí Télọ̀ gbé. Ó ń gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń ṣọ́ ohun tó ń jẹ, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òun àti àìsàn náà ti mọwọ́ ara wọn. Àfi ọjọ́ tó ṣubú.

Oníbàárà kan ló wá wọ aṣọ wò. Àǹtí Télọ̀ kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi píìnì ṣẹ́ etí aṣọ náà. Ó ti gún abẹ́rẹ́ láàárọ̀, àmọ́ iṣẹ́ kò jẹ́ kó jẹun. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bò ó. Ohun tó tún mọ̀ ni pé bàtà àwọn èèyàn yí ojú òun ká, àbúrò rẹ̀ ń fi ṣúgà pa á létè, ó sì ti tọ̀ sára.

"Ṣé wárápá ni?" oníbàárà yẹn béèrè. Ó ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Wárápá kọ́ o. Ṣúgà rẹ̀ ló lọ sílẹ̀," Ẹlẹ́rìn-ín dáhùn. Lọ́jọ́ yẹn, kò rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí ara Àǹtí Télọ̀ fi bọ̀ sípò. Ọkàn rẹ̀ ni kò bọ̀ sípò mọ́.

Láti ọjọ́ náà lọ, bí àyà rẹ̀ bá lù díẹ̀, á ní ó tún ti dé. Bó bá yára sọdá títì tí òógùn yọ, á ní ó tún ti dé. Bí oníbàárà bá jágbe mọ́ ọn, á di tábìlì mú. Kì í ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́, kó má baà di pé wọ́n ń já ilẹ̀kùn wọlé wá gbé òun ní ìhòòhò. Ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe ṣúgà ló lọ sílẹ̀. Àmọ́ bí ẹ̀rù ṣe ń ṣe èèyàn àti bí ṣúgà tó lọ sílẹ̀ ṣe ń ṣe èèyàn jọra bí ìbejì, kò sì sọ fún ẹnì kankan tó lè bá a yà wọ́n sọ́tọ̀. Ojú ń tì í. Àgbàlagbà obìnrin, kó máa sọ kiri pé ẹ̀rù ń ba òun?

Ló bá wá ọgbọ́n tirẹ̀ dá. Ó dín abẹ́rẹ́ rẹ̀ kù. Ó wá ń kó súwíìtì sápò; bí àyà rẹ̀ bá ti já, á sọ ọ̀kan sẹ́nu. Lójú tirẹ̀, ṣúgà tó lọ sókè kì í gbé èèyàn ṣubú lójú gbogbo ayé. Ńṣe ló máa ń jẹ èèyàn lábẹ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Obìnrin yìí yan èyí tí ayé ò ní rí.

Mo bi í pé ṣé kò mọ̀ pé ìyẹn náà ń pani ni. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ti òní ló ń rò, kì í ro ti ọ̀la.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wo ṣúgà. Wọn á gún ìka, wọn á fi ẹ̀jẹ̀ tó bá yọ kan pépà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ̀rọ á sì sọ iye tí ṣúgà jẹ́. Ẹ̀rọ náà kì í gbàgbé. Gbogbo iye tó bá ti sọ, inú rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí, nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó àwọn alátọ̀gbẹ ní ọsibítù á sì máa tẹ̀ ẹ́ wò nígbàkígbà tí wọ́n bá lọ.

Onígíláàsì ni àwọn aláìsàn ń pe nọ́ọ̀sì yìí lẹ́yìn. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ mú.

"Màmá, kí lèyí?" ó ní, ó gbé ẹ̀rọ náà sókè kí gbogbo àwọn tó jókòó lè rí i. "Ṣé ṣúgà lẹ fi ń po omi mu ni? Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n wá gé ẹsẹ̀ yín?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Èmi kọ́ lẹ máa bẹ̀. Ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ bẹ̀."

Àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí Télọ̀ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹkún ló wà nínú rẹ̀.

Ti ọkọ rẹ̀ nílé tún le ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Tíṣà ni, ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ gan-an, ìfẹ́ yẹn ló sì fi ń yẹ ẹ̀rọ náà wò ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ bí ẹni ń máàkì iṣẹ́ ọmọ iléèwé.

"Ó tún ti lọ sókè," ó ní lọ́jọ́ kan.

"Mo ti rí i."

"Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni. Ìjókòó kan náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sí ìsinmi, oúnjẹ ò lákòókò. Bí nǹkan yìí ò bá wálẹ̀ kí iléèwé tó wọlé, a máa ti ṣọ́ọ̀bù yẹn pa."

"Ẹ̀yin bàbá yìí, kí ni mo máa wá máa ṣe?"

"Máa wà láàyè. Ìyẹn náà, iṣẹ́ ni."

Ẹ lè máa wò ó pé kí ni ṣọ́ọ̀bù lásán. Ibẹ̀ nìkan ni wọn kì í ti í fi ojú aláìsàn wo obìnrin yìí. Níbẹ̀, ọ̀gá ni. Bí wọ́n bá tì í pa, kò mọ ẹni tóun máa wá jẹ́ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló kù tí yóò padà lọ rí nọ́ọ̀sì nígbà tí abẹ́rẹ́ máṣíìnì gún Ẹlẹ́rìn-ín ní ìka láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Yéè! Abẹ́rẹ́ yìí mọ̀ mí ju ọkọ mi lọ," ó ní, ló bá tún bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ yọ sórí ìka náà, ó fẹ́ fi ẹnu fà á.

"Má tíì fẹnu kàn án," Àǹtí Télọ̀ ní.

Kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ lẹ́nu òun. Ẹ̀rọ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, pépà ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ìka tirẹ̀ ló fẹ́ gún tẹ́lẹ̀.

"Ẹ fẹ́ fi ṣe kí ni?"

"Jẹ́ ká kàn wò ó. Gbé ìka ẹ wá."

Ẹ̀rọ náà dún. Iye tó gbé jáde dáa débi pé Àǹtí Télọ̀ ń wò ó bí ẹni ń wo fọ́tò ara rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọge.

"Ṣé ó dáa?" Ẹlẹ́rìn-ín béèrè.

"Ó dáa gan-an." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́, á wà nínú ẹ̀rọ yìí bíi tèmi. Má sọ fún ẹnì kankan o."

"Àǹtí! Ẹ̀yin ìyàwó tíṣà, ẹ fẹ́ jíwèé wò?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Kí Onígíláàsì má baà tún fi mí ṣẹlẹ́yà. Ọkọ mi náà, o gbọ́ ohun tó sọ nípa ṣọ́ọ̀bù."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ẹlẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣé kò ní ṣe yín ní jàǹbá?"

"Màá ṣàtúnṣe. Mo kàn fẹ́ ráyè mí díẹ̀ ni."

Ẹ̀ẹ̀kan péré náà di ojoojúmọ́. Bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín á na ìka rẹ̀. "Ẹ wá gba owó orí yín," á sì rẹ́rìn-ín. Àǹtí Télọ̀ ló máa ń wo iye tó bá jáde. Ẹlẹ́rìn-ín kì í wulẹ̀ yọjú sí i. Kí ló kan ẹni tára rẹ̀ le nínú ọ̀rọ̀ ṣúgà?

Ẹ má bi mí léèrè àtúnṣe o. Súwíìtì ṣì wà lápò, abẹ́rẹ́ ṣì kéré. Ọjọ́ ọsibítù nìkan ló máa ń gún abẹ́rẹ́ tó péye, kò sì ní fẹnu kan nǹkan kan títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò tán, kí iye tí wọ́n bá rí níbẹ̀ lè jọ ti inú ẹ̀rọ. Ẹlẹ́rìn-ín á tẹ̀ lé e, kó má lọ ṣubú lọ́nà. Bí wọ́n bá ní kó lọ yọ ẹ̀jẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò, á ní òun á wá lọ́la.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ bẹ́ẹ̀, Onígíláàsì tẹ ẹ̀rọ náà wò, ó tún un tẹ̀, ó wo ojú Àǹtí Télọ̀.

"Màmá, ẹ dìde. Ẹ dìde dúró kí wọ́n rí yín." Ó kọjú sí àwọn tó kù. "Ṣé ẹ rí obìnrin yìí? Màmá, ẹ sọ fún wọn bí ẹ ṣe ṣe é."

Kí ni kó ṣe? Ó dìde. Ó ní, "Ìkóra-ẹni-níjàánu ni. Ẹ máa rìn díẹ̀ láàárọ̀. Ẹ jìnnà sí súwíìtì." Súwíìtì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú báàgì tó fi kọ́ apá.

Bàbá arúgbó kan tí wọ́n fi báńdéèjì di lẹ́sẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ. O ti fún mi lókun. Èmi náà á gbìyànjú ẹ̀."

Àǹtí Télọ̀ ṣàmín.

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ dì mọ́ ọn. Ó ní, "Mo mọ̀ pé o lè ṣe é. Máa bá ṣọ́ọ̀bù ẹ lọ. Mi ò tún ní máa yẹ ẹ̀rọ ẹ wò mọ́." Àǹtí Télọ̀ wọ balùwẹ̀, ó ṣí omi kí wọ́n má baà gbọ́, ó sunkún. Ó pinnu pé òun máa jáwọ́. Kò jáwọ́.

Nígbà tí iléèwé kù díẹ̀ kó wọlé, tí yunifọ́ọ̀mù ga bí òkè lórí tábìlì, nǹkan yí padà. Ó gún ìka Ẹlẹ́rìn-ín láàárọ̀ ọjọ́ kan, iye tó jáde ga.

"Ó ní kí ni?" Ẹlẹ́rìn-ín béèrè, ó ń wá síìpù kan kiri ilẹ̀.

"Ó dáa," Àǹtí Télọ̀ dáhùn.

Ó rò pé pépà ló bàjẹ́. Ó ra tuntun. Iye náà tún ga. Ó ní kí àbúrò rẹ̀ lọ fọwọ́, bóyá ó ti fọwọ́ kan nǹkan dídùn. Ó fọwọ́ wá. Ó tún ga ju ti àná lọ.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹ ń ní kí n fọwọ́ bí ọmọdé," Ẹlẹ́rìn-ín ní.

"Ẹ̀rọ yìí ò fẹ́ ìdọ̀tí ni."

Àbí kò mọ̀ ni? Ó mọ̀. Ó rí ìgò omi ńlá tí Ẹlẹ́rìn-ín ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, tí kì í pẹ́ tán. Ó rí bó ṣe ń dìde lọ tọ̀ láìrán apá aṣọ kan parí. Ó rí bí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe ń yọ̀ bọ́ nídìí, tó wá ń fi píìnì há a. Àwọn oníbàárà ń yìn ín.

"Ẹlẹ́rìn-ín, o ti rí pẹ́lẹ́ńgẹ́! Kí lò ń jẹ?"

"Ìyà ni mò ń jẹ lọ́wọ́ Àǹtí mi," á ní, gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín.

Àǹtí Télọ̀ ò lè rẹ́rìn-ín. Òùngbẹ yẹn, ìtọ̀ yẹn, rírù yẹn, bí tirẹ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ó ń rò ó. Bí òun bá sọ ọ́, wọ́n á mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà á ní báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹlẹ́rìn-ín ò sì mọ irọ́ pa. Onígíláàsì á gbọ́, ọkọ á gbọ́, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù pa. Wọ́n á dá abẹ́rẹ́ òun padà sí bó ṣe yẹ kó jẹ́, òun á sì tún ṣubú. Ibi tí ìrònú rẹ̀ máa ń parí sí nìyẹn: bàtà àwọn èèyàn, ara tó tutù fún ìtọ̀. Láàárọ̀, á ní lónìí lòun máa sọ ọ́. Bí Ẹlẹ́rìn-ín bá ti wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, á ní ó di ọ̀la.

Níkẹyìn, ó kó ẹ̀rọ náà sínú agolo bọ́tìnnì, ó dé e pa. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó ti bàjẹ́, pé òun máa ra òmíràn.

"Ẹ ò gún mi mọ́?" Ẹlẹ́rìn-ín bi í.

"Ara mi ti yá. Kò sídìí ẹ̀ mọ́."

"A dúpẹ́ o. Ìka mi máa sinmi." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Àǹtí, ó ń rẹ̀ mí o. Ojú mi ń ṣe bàìbàì, ihò abẹ́rẹ́ gan-an, mi ò rí i dáadáa mọ́. Mò ń rò ó pé kí n lọ rí dókítà."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibi tí ẹ ti lè bínú nìyí.

Àǹtí Télọ̀ ò gbójú sókè. Ó ń gé aṣọ lọ. "Iṣẹ́ ló pọ̀," ó ní. "Gbogbo wa ló ń rẹ̀. Jẹ́ kí iléèwé wọlé ná, wàá sinmi."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ rò ó?"

"Ṣé èmi tí mò ń ṣàìsàn ò ní mọ̀ bó bá jẹ́ àìsàn ni?"

Ẹlẹ́rìn-ín mi orí, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí Ẹlẹ́rìn-ín fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó ní bóyá oúnjẹ àná ni. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni sáré dé, èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti rà. Àǹtí Télọ̀ ń gbọ́ òórùn náà láti ìdí máṣíìnì tirẹ̀. Ó ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé kó má jẹ́ ohun tóun ń rò. Lẹ́yìn náà ni máṣíìnì kejì dákẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín ti fi orí lé e, yunifọ́ọ̀mù ọmọdé kan ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Ẹlẹ́rìn-ín! Àbúrò mi! Dá mi lóhùn!"

Kò dá a lóhùn.

Ní ọsibítù, dókítà jáde wá bá wọn ní kọ́ríídọ̀. Ọkọ Ẹlẹ́rìn-ín, tó jẹ́ wẹ́dà, ti sáré dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ìyá àwọn méjèèjì náà ti dé.

"Ṣúgà ara wọn ga kọjá ààlà, ẹ̀jẹ̀ wọn ti kan," dókítà ní. "Ṣé ẹnì kan ní àtọ̀gbẹ nínú ẹbí?"

"Èmi," Àǹtí Télọ̀ ní.

"Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti wo ṣúgà tiwọn rí? Mo fẹ́ mọ ìgbà tó ti wà lára wọn."

Gbogbo wọn yíjú sí òun tó ní ẹ̀rọ nílé.

"Rárá," ó ní.

Dókítà padà wọlé. Ìyá wọn di ọwọ́ Àǹtí Télọ̀ mú. "Ọpẹ́lọpẹ́ ìwọ tó o gbé e dé," ó ní. "Ọpẹ́lọpẹ́ ìwọ." Ó ń sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń gún Àǹtí Télọ̀ bí abẹ́rẹ́.

Ọlọ́run yọ wọ́n. Ẹlẹ́rìn-ín ò kú. Lọ́jọ́ kejì ojú rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo wọn wọlé: ìyá, ọkọ rẹ̀, Àǹtí Télọ̀ àti tíṣà. Dókítà wá pẹ̀lú Onígíláàsì, torí pé òun ló máa kọ́ ẹni tuntun bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́.

"Àtọ̀gbẹ ni, màdáámù," dókítà ní. "Ẹ má bẹ̀rù, èèyàn ń bá a gbé."

Ẹlẹ́rìn-ín gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ ti ha. "Àtọ̀gbẹ kẹ̀? Rárá o, dókítà. Ẹ tún un wò."

"A ti wò ó léraléra."

"Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àǹtí mi máa ń wo tèmi. Àràárọ̀ ló ń gún mi, ó ti tó oṣù mélòó kan, ó sì máa ń sọ pé ó dáa. Àǹtí, ẹ sọ fún wọn."

Àǹtí Télọ̀ ń fi ìka ká etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

"Àǹtí? Ẹ sọ fún wọn pé ó dáa."

Onígíláàsì ló kọ́kọ́ yé. "Màmá," ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "àwọn iye tó wà nínú ẹ̀rọ yín yẹn, ti ta ni?"

"Ti Ẹlẹ́rìn-ín ni."

"Èyí tí mo ń tìtorí ẹ̀ dúpẹ́?" tíṣà béèrè.

"Ó dáa títí di ìgbà wo?" dókítà ní.

"Ó ti ń lọ sókè láti... ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i."

Ọkọ Ẹlẹ́rìn-ín dìde. "Ẹ rí i, ẹ sì ní kó máa ránṣọ lọ?" Tíṣà bọ́ sáàárín wọn. Ìyá wọn, tó ti di ọwọ́ Àǹtí Télọ̀ mú látìgbà tí wọ́n wọlé, rọra yọ ọwọ́ tirẹ̀, ó gbé e lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín ò pariwo. Ó kàn ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí mo ní kí n lọ rí dókítà ńkọ́?"

"Mo ti mọ̀ nígbà yẹn," Àǹtí Télọ̀ ní.

Ẹlẹ́rìn-ín yíjú sí ògiri.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Tíṣà ò bú u. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ máa ti ṣọ́ọ̀bù mi pa."

"Ìyẹn ni pé èmi náà wà lára ohun tó ń bà ẹ́ lẹ́rù," ó ní, ó sì jáde síta lọ dúró.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Onígíláàsì pe Àǹtí Télọ̀ sí yàrá kan ní ọsibítù, àwọn méjì péré, ó ti ilẹ̀kùn.

"Kí ló ń bà yín lẹ́rù gan-an?"

"Kí n má ṣubú." Ó bú sẹ́kún. "Ẹ ò bi mí rí, mà. Iye tí ẹ̀rọ bá sọ nìkan lẹ máa ń bi mí."

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Òótọ́ ni," ó ní. "Tèmi nìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tún èyí tó kù ṣe."

Ó kọ́ ọ. Bí àyà bá já, kó jókòó. Kó má tíì ju nǹkan kan sẹ́nu. Kó gún ìka rẹ̀, ìka tirẹ̀ o, kó wo ohun tí ẹ̀rọ sọ. Bó bá lọ sílẹ̀, kó mu nǹkan dídùn kíá. Bí kò bá lọ sílẹ̀, ẹ̀rù ni, á kọjá. Kó máa mí sínú, kó máa mí síta, kó dúró dè é. Wọ́n tún abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí dókítà kan tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ pé kó máa gbọ́ ohun tó ń da èèyàn láàmú. Ṣọ́ọ̀bù ṣì ń ṣí. Ó ti sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ohun tó ń ṣe òun àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí òun bá ṣubú. Ẹ̀rù ò lọ o. Ó ní ó ṣì ń wá bẹ ilé rẹ̀ wò, àmọ́ òun ti ń kí i káàbọ̀, òun sì ti ń sìn ín sọ́nà.

Ó tún dìde dúró níwájú àwọn aláìsàn, ó sọ òtítọ́ fún wọn. Bàbá arúgbó tó fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ yẹn ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò tíì rí i títí di òní, kò sì láyà láti béèrè rẹ̀.

Ó ní kí n sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń bá àìsàn gbé pé, ẹ fọhùn nígbà tí ẹ̀rù yín ṣì jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ló ń pa lára. Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn, mo ti jẹ́ ẹ. Àmọ́ mo bi í bóyá àbúrò rẹ̀ ti dárí jì í, ó sì sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá fún mi.

Ẹlẹ́rìn-ín ò padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ilé ló ti ń ránṣọ báyìí, Àǹtí Télọ̀ a sì máa yà kí i. Lọ́jọ́ náà, ó bá a lórí ìjókòó nínú yàrá, òógùn bò ó.

"Ó ń ṣe mí báyìí, Àǹtí. Àyà mi ń já. Mi ò mọ̀ bóyá ó lọ sílẹ̀ ni, àbí ẹ̀rù ni."

"Jókòó jẹ́ẹ́. Níbo ni ẹ̀rọ ẹ wà? Gbé ìka ẹ wá, kí n bá ẹ gún un."

"Rárá." Ẹlẹ́rìn-ín fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Fúnra rẹ̀ ló gún un. Wọ́n jọ dúró de ẹ̀rọ náà. Ó dún, Ẹlẹ́rìn-ín sì wò ó.

"Mo ti wá mọ bó ṣe máa ń ṣe yín," ó ní. "Wọ́n ní kí n má dárí jì yín. Àmọ́ bí mo bá jí tí àyà mi ń já báyìí, mo máa ń sọ fún ara mi pé ó yé mi, ó yé mi. Mo ti dárí jì yín."

Àǹtí Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó fẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ má kúnlẹ̀, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń ṣe mí, Àǹtí. Ẹ mọ̀ kí èmi tó mọ̀, ẹ ò sì sọ fún mi."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ẹ̀rọ náà, ó gbé e sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í. Àǹtí Télọ̀ ò mọ iye tó sọ, kò sì lẹ́nu láti béèrè.